Ohun tí a bá nínú ibojì àwọn Áfárì

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnì kan bá kú láìkọ ìwé sílẹ̀, báwo ni a ṣe lè mọ irú ẹni tí ó jẹ́? A lè bi àwọn ọmọ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá ti kú ńkọ́? Bí ó bá ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn Áfárì rí. Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n. Ilẹ̀ koríko Mòǹgólíà, ní Éṣíà, ni àwọn olórí wọn ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 568 wọ́n tẹ̀dó sí ẹ̀bá odò Danube ní Yúróòpù, níbi tí ilẹ̀ Họ́ngárì wà lónìí. Kágánì ni wọ́n ń pe ọba wọn. Wọ́n jọba níbẹ̀ fún igba ọdún ó lé díẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun Charlemagne tó ṣẹ́gun wọn. Wọn kò fi ìwé ìtàn sílẹ̀. Àwọn ọ̀tá wọn ló kọ ìtàn wọn, ẹ sì mọ bí ọ̀tá ṣe ń ròyìn ènìyàn.

Ṣùgbọ́n wọ́n sin òkú wọn dáadáa. Àwọn onímọ̀ tí ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ ti wa nǹkan bí ibojì 100.000 ti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ibojì ẹlẹ́ṣin kan. Egungun ọkùnrin náà nà gbalaja. Egungun ẹṣin rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìjánu sì wà lẹ́nu ẹṣin náà. Irin méjì kan tún wà níbẹ̀, wọ́n rí bí òrùka ńlá. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Àwọn Áfárì ni wọ́n mú irú irin yìí dé Yúróòpù. Kí ni ìwúlò rẹ̀? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró ṣinṣin lórí ẹṣin lè ta ọfà láìṣubú.

Ọrun rẹ̀ ńkọ́? Igi rẹ̀ ti jẹrà, ọsán rẹ̀ náà ti jẹrà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ egungun pẹlẹbẹ mọ́ igi náà kí ó lè le, egungun kò sì tètè jẹrà. Ibi tí àwọn egungun yìí bá wà ni onímọ̀ fi ń mọ bí ọrun náà ti gùn tó.

Wàyí o, ẹ wo ìbàdí ọkùnrin náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ó sán ìgbànú awọ. Awọ ti jẹrà, ṣùgbọ́n idẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn ṣì wà. Lára idẹ mìíràn, wọ́n ya ẹranko abàmì kan tí ó ní orí idì àti ara kìnnìún. Ti àwọn ènìyàn ńlá jẹ́ fàdákà tàbí wúrà. Ẹni tí ó bá rí ìgbànú Áfárì kan ti mọ ipò rẹ̀. Ní ọdún 1971, ní Kunbábony ní Họ́ngárì, àwọn tí ń wa yanrìn kan ibojì kan tí wúrà inú rẹ̀ ju kílò 2 lọ. Àwọn onímọ̀ rò pé ó lè jẹ́ ibojì Kágánì.

Nínú ibojì àwọn obìnrin, wọ́n bá yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́ àti amọ̀ roboto tí ó wà nídìí ìrànwú. Wọ́n tún bá ìkòkò, egungun ẹran, àti èèpo ẹyin pàápàá. Wọ́n fi oúnjẹ sí i fún òkú. Ní Jánoshida, wọ́n bá fèrè ẹlẹ́nu méjì tí a fi egungun ẹyẹ ńlá ṣe. Èmi fẹ́ràn fèrè yìí ju wúrà Kunbábony lọ.

Owó wúrà náà ń bẹ, tí orí ọba Konstantinópù wà lára rẹ̀. Ọba yẹn ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Kágánì kí ó má baà gbógun tì í. Ní ọdún 626 àwọn Áfárì gbógun ti Konstantinópù, wọn kò sì lè gbà á. Lẹ́yìn náà ni owó wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n nínú ibojì wọn.

Egungun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ egungun ènìyàn 424 wò láti itẹ́ òkú mẹ́rin, wọ́n sì rí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ní Rákóczifalva, ìran mẹ́sàn-án ni wọ́n tò léra. Ibòmíràn ni àwọn ìyá ti wá. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n dàgbà kò sí lọ́dọ̀ bàbá wọn: wọ́n ti lọ sílé ọkọ.

Ohun kan ló ń dun àwọn onímọ̀. Àwọn olè ti wọ inú ọ̀pọ̀ ibojì wọ̀nyí, àwọn mìíràn láyé àwọn Áfárì gan-an. Wọ́n kó wúrà, wọ́n sì da egungun rú. Idẹ tí olè bá yọ kò lè sọ fún wa mọ́ bóyá ìbàdí ènìyàn ni ó wà tàbí orí ẹṣin. Nítorí náà ni onímọ̀ kì í fi í kánjú. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni ó fi ń gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò. Ó ń ya àwòrán ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà, ó sì ń fún un ní nọ́ńbà, ìbáà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó tó gbé e kúrò nílẹ̀.