Amọ̀ Tí Ń Sọ Epo Rọ̀bì Di Bẹntiróòlù



Àwa ará Yewa mọ iyì bẹntiróòlù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìjọba pàṣẹ pé kí a má gbé e lọ sí ilé-epo tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ẹnu ibodè. Ojú ọlọ́kadà àti ọlọ́lọ̀ rí màbo. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé amọ̀ wà nínú ohun tí ń sọ epo rọ̀bì di bẹntiróòlù?

Bí a bá se epo rọ̀bì, bẹntiróòlù díẹ̀ ni ó ń jáde. Ìyókù wúwo, ó sì ki. A ní láti gé e sí wẹ́wẹ́. Amọ̀ kíkan ni ọ̀bẹ rẹ̀. Eugene Houdry, ọmọ Faransé, ni ó fi amọ̀ tí a ti fi ásíìdì fọ̀ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Sun Oil ń lò ó ní Marcus Hook, ní Amẹ́ríkà, ní 1937. Alárinà ni amọ̀ náà: ó ń mú ọ̀rọ̀ yá, ṣùgbọ́n kì í bá ìyàwó wọlé ọkọ.

Níbo ni kíkan rẹ̀ ti wá? Yanrìn lásán kò kan. Bí a bá fi alumíníọ̀mù rọ́pò díẹ̀ nínú sílíkọ̀n rẹ̀, ìjókòó kan á ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alumíníọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí háídrójìn bá jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ á kan. Bí ó bá ṣe sódíọ̀mù ni, kíkan náà á kú. Báyìí ni zeolite rí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò fún iṣẹ́ yìí ní 1962.

Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni ọ̀ràn náà. Bí ó bá kan jù, epo á di gáàsì, èédú á sì bo amọ̀ náà. Bí kò bá kan tó, epo kò ní gé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi lanthanum lé sódíọ̀mù jáde. Kíkan á padà, amọ̀ náà kò sì ní tètè wó nínú iná bí 700 °C tí a fi ń sun èédú kúrò lára rẹ̀. Bí lanthanum bá pọ̀ sí i, bẹntiróòlù á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, bẹntiróòlù náà kò ní bá ẹ́ńjìnnì lára mu tó bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, tí bẹntiróòlù rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní irú ẹ̀rọ yìí. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria, àwọn onímọ̀ ti fi amọ̀ funfun Kankara ṣe zeolite. Amọ̀ funfun wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fojú ẹrẹ̀ lásán wò ó. Ẹ kọ́ ìmọ̀ tí a fi ń díwọ̀n kíkan rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o.