Oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe èènì: ọ̀rọ̀ àdímínì lórí ẹ̀jẹ́ ìkórè àti ìgbàlà

  Àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn ló ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ìyẹn la ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, ẹ ṣe sùúrù, ọ̀rọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni tòní.

Ìyá kan nínú wa ló pè mí. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má sì wá wọn kiri. Láti ìkórè tó kọjá ni wọn ò ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ owó níwájú ìjọ, ọjà ò tà, wọn ò rí i san. Bí wọ́n bá wá rí ará ìjọ wọn lójú ọ̀nà Igbudu, wọn á yà síbòmíràn. Ìyẹn ò dùn mí tó ìbéèrè tí wọ́n bi mí: "Àbúrò mi, bí mo bá kú tòun ti gbèsè Ọlọ́run lọ́rùn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?"

Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: oore-ọ̀fẹ́. Oore, a mọ̀ ọ́n. Ọ̀fẹ́, ta ni ò mọ ọ̀fẹ́ ní Warri? Ṣùgbọ́n àwa ọlọ́jà ti sọ ọ́ di èènì. Ta la máa ń bu èènì fún? Ẹni tó ti ra kóńgò gàrí ni. Ẹni tí kò rà, kò ní èènì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nìyẹn, pé ká kọ́kọ́ fi àwẹ̀ àti owó ra nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí Jésù wá bu tiẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di ẹ̀dínwó: èmi san ìdajì, Jésù san ìyókù.

Pọ́ọ̀lù ò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Róòmù orí 4 ẹsẹ 4, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló fi ṣàlàyé. Bí alábàárù bá gbé ẹrù yín láti ìdí mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ sanwó fún un, ṣé ẹ ta á lọ́rẹ ni? Gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́ lẹ san. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ wa ni Ọlọ́run fi ń gbà wá là, á jẹ́ pé Ọlọ́run ló jẹ wá ní gbèsè. Éfésù orí 2 ẹsẹ 8 àti 9 náà là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, kò sẹ́ni tó lè fi yangàn.

Àwọn kan ti kówó wá rà á rí o. Símónì onídán ní Samáríà gbówó lọ bá Pétérù, Pétérù sì fi ìbínú kọ̀ ọ́, ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Ní Jámánì, wọ́n ń ta ìwé tí wọ́n ní ó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù. Lára owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Martin Luther fi yarí ní 1517. (Ẹ̀yin Kátólíìkì, ẹ má bínú sí mi. Ní October 31, 1999, ìjọ Kátólíìkì àti ìjọ Luther jọ fọwọ́ sí ìwé ní Augsburg pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń gba èèyàn, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ wa.)

Ìtàn tó yé mi jù ni ti Àjàyí Crowther tiwa. Òun ló túmọ̀ ìwé Róòmù yẹn sí Yorùbá, 1850 ló jáde. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí iye owó ń jẹ́, torí wọ́n ti dá iye lé òun fúnra rẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé ni. Wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi pààrọ̀ tábà àti ọtí. Ẹ rò ó wò. Ọjà ni, ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí.

Ní April 7, 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá wọn dúró, wọ́n sì gba gbogbo wọn sílẹ̀. Kí ni Àjàyí san? Kò san kọ́bọ̀. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ wá sọ pé nígbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran èèyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá nílẹ̀, wọ́n rò pé orí èèyàn ni! Ọwọ́ ẹni tó gbà wọ́n ni wọ́n wà, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ pa àwọn jẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ìgbàgbọ́ jẹ́. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe owó tí a fi ń ra ìgbàlà. Kí ọkàn ẹni gbà pé ẹni tó gbé mi yìí kò fẹ́ pa mí jẹ, kó sì fi ara lé e, òun ni ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ wa wà nínú ọkọ̀ Jésù, ṣùgbọ́n ọta àgbá là ń wò.

Ẹnìkan á ní, ṣé ká wá máa dí ìdí kóńgò nìyẹn, nígbà tó jẹ́ ọ̀fẹ́? Rárá o. Jákọ́bù orí 2 ní ìgbàgbọ́ tí kò níṣẹ́ nínú, òkú ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó ṣáájú. Jésù ti wọ ilé Sákéù kó tó di pé Sákéù ní òun á dá owó tí òun rẹ́ jẹ padà lọ́nà mẹ́rin. Kò fi ìdápadà yẹn sanwó ìwọlé.

Ẹ̀jẹ́ wá ńkọ́? Ẹ̀jẹ́, ẹ̀jẹ́ ni. Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni sá fún un, Oníwàásù orí 5 ò gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé gbèsè ọ̀tọ̀ ni, kò sí nínú ti ìgbàlà. Ó sì dùn mí pé àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ wa kì í sábà ka Léfítíkù orí 27 ẹsẹ 8 sí wa létí: tí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bá tálákà ju iye náà lọ, kó wá síwájú àlùfáà, kí àlùfáà dá iye tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Òfin Mósè gan-an nìyẹn o, kì í ṣe èmi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ mú ẹsẹ yẹn lọ bá pásítọ̀ tàbí akápò ìjọ yín, ẹ sọ iye tí ẹ lè máa san lóṣù. Ẹ má dúró dìgbà tí ọjà bá tà kí ẹ tó padà jókòó sáàárín ìjọ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ síbí. Ẹ má pè mí láàárọ̀, mò ń já ẹrù.