Ọ́ìlì Àkọ́kọ́ fún Ẹ́ńjìnnì Tuntun

Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tò, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun, wọn a sì ra ọ́ìlì tí ó wọ́n jù lọ́jà fún un. Irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bà á jẹ́.

Ihò tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ kì í dán bí dígí. A ti fi òkúta ìpọ́nrin fa ilà wínníwínní sí i lára, kí òrùka irin tí ó yí písítìnì ká lè máa ha á títí àwọn méjèèjì yóò fi bá ara wọn mu. Agbára iná tí ń jó lókè písítìnì ni ó ń ti òrùka mọ́ ihò náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kàn ń kùn lójú kan, agbára yìí kò ní tó. Ọ́ìlì yóò jóná mọ́ ihò, ara rẹ̀ yóò sì dán bọ̀rọ́. Ọkọ̀ yóò wá máa mu ọ́ìlì, yóò máa tú èéfín, àfi bí a bá tún un tú palẹ̀, kí a sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ojú títì ni kí a gbé e lọ: kí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí a dẹwọ́, kí a tún tẹ̀ ẹ́, láìdi ẹrù wúwo lé e. Ọ́ìlì tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ń yàn fún un. Wọ́n ní ọ́ìlì àtọwọ́dá a máa yọ̀ jù. (Ti ọkọ̀ tuntun láti ilé iṣẹ́ yàtọ̀, ìwé rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé.) Kí ó tó rin 800 kìlómítà, kí a ti da ọ́ìlì àkọ́kọ́ náà nù. Ẹni tí ó bá fi í ra ìka wò yóò rí èérún irin tí ń tàn yinrin nínú rẹ̀.