Iṣẹ́ Onímọ̀ Kẹ́mísírì Ohun Ẹlẹ́mìí: Ẹ̀gẹ́ gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Bí a bá dárúkọ iṣẹ́ dókítà tàbí ti lọ́yà, kò sí òbí tí yóò béèrè ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá sọ nílé pé kẹ́mísírì ohun ẹlẹ́mìí ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, 'Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?' Ìbéèrè yìí tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ ní èdè tí òbí náà gbọ́. Ohun tí à ń wádìí ni bí àwọn èròjà inú ohun ẹlẹ́mìí ti ń paradà láti ọ̀kan di òmíràn. Dípò kí n máa to ìtumọ̀ lé ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí.

Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ń jẹ́ linamarin, tí sáyánáìdì fara pamọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà lódindi, linamarin kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé inú sẹ́ẹ̀lì ni ó wà, nígbà tí linamarase, ẹ́ńsáìmù tí ó lè tú u, wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Bí eku bá gé e jẹ, tàbí bí a bá rin ín, ògiri náà yóò wó, àwọn méjèèjì yóò sì pàdé. Ẹ́ńsáìmù yóò já ṣúgà kúrò, èyí tí ó kù yóò fọ́, sáyánáìdì yóò sì bọ́ jáde.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe: wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó kù ú kí wọ́n sì yan án. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣà lásán nínú rẹ̀. Rírin ni ó ń mú linamarin pàdé ẹ́ńsáìmù. Ọjọ́ inú àpò ń fún wọn láyè. Omi tí ń ro dànù ń gbé púpọ̀ lọ. Ohun kan máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu: kíkan gàrí nìkan kọ́ ni ó ń lé májèlé náà. Nígbà tí ó bá ti kan, ìkan náà kì í jẹ́ kí èròjà àárín tètè fọ́. Iná ni ó ń parí iṣẹ́, nítorí pé ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni hydrogen cyanide ti ń hó.

Ẹni tí ó bá wá gé ọjọ́ kúrò nítorí àtitètè dé ọjà, ohun tí ó ń tà kì í ṣe gàrí nìkan. Sáyánáìdì kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lo ọ́síjìn. Bí ó bá kéré, ara lè sọ ọ́ di thiocyanate kí a sì tọ̀ ọ́ dànù, ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ tí ara ń lò fún iṣẹ́ yìí, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ó ti ń rí i. Èyí ni pé ẹni tí kò ní owó ẹja ni ewu náà pọ̀ jù fún. Ní ọdún 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Òṣúntókun ti Ìbàdàn kọ̀wé lórí àìsàn kan láàárín àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ olórí oúnjẹ wọn: ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ìrìn kò gún mọ́, ojú àti etí ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí a tún yẹ ìlú Òsósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wò ní 1998, nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 ni ó ní in. Àwọn olùwádìí kò tíì fẹnu kò pé sáyánáìdì nìkan ni ó ń fà á, mo sì rò pé wọ́n ṣe dáadáa bí wọn kò ti kánjú.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye tí ó kù nínú gàrí? A óò wọn díẹ̀ sínú ìgò kékeré, a óò fi omi àti ẹ́ńsáìmù sí i, a óò ki pépà picrate tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè sínú rẹ̀, a óò sì dé e pa di ọjọ́ kejì. Sáyánáìdì yóò sọ pépà náà di pupa rúsúrúsú. A óò fi omi fọ àwọ̀ náà jáde, a óò tan ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 510 nanometre gba inú omi náà kọjá, a óò sì ka iye ìmọ́lẹ̀ tí ó gbé mì. Níbí ni físíìsì ti wọlé. Ọmọ tí ó bá ń sá fún físíìsì àti ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò. Ìlànà Codex fún gàrí kò fàyè gba ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílógíráàmù kan. Kí a tó lè gba iye tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a óò wọ̀n ọ́n, a óò sì ṣe ọ̀kan tí kò ní gàrí nínú fún àfiwé. Sùúrù yìí ṣòro láti kọ́ ju kẹ́mísírì fúnra rẹ̀ lọ.

Ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́, tí a óò fi oṣù díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ṣẹ́ níta yunifásítì, lẹ́yìn náà ọdún kan àgùnbánirọ̀, oyè gíga sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí. Àwọn ilé-ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ti oògùn, NAFDAC, ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì àti IITA ní Ìbàdàn ń lo irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù nílẹ̀ kò sì kéré. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yan gàrí ni kò ní ibi tí wọ́n lè gbé ẹ̀kúnwọ́ kan lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbé àpò rẹ̀ lọ sí ọjà.