Gbígba Owó Lórí Ilẹ̀ Láìta Ilẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbọ́ bí àwọn àgbẹ̀ kan ṣe ń gba owó lórí ilẹ̀ wọn láìtà á. Ní Marin, ní Kalifóníà ti Amẹ́ríkà, nígbà tí ilé fẹ́ gba ilẹ̀ oko lọ, Ellen Straus tó ń sin màlúù oníwàrà àti Phyllis Faber, onímọ̀ nípa ewéko, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1980. Ẹ̀tọ́ àtikọ́lé nìkan ni ẹgbẹ́ náà ń rà. Onílẹ̀ ń dáko rẹ̀ lọ. Ó lè tà á, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á kò lè pín in tà fún akọ́lé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ wo ilẹ̀ náà (irú iṣẹ́ àwa olùbẹ̀wò nìyẹn). Ibi tó le ni pé àdéhùn náà kò lópin: ẹni tó gbowó lónìí ti tọwọ́ bọ̀wé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lójú tiwa, kí ẹbí ti jókòó sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé.