Èdè ìyá ẹni kì í ṣe ẹ̀sùn: Ẹ̀kọ́ tí Gbájì lè rí kọ́ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Bangladesh

Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀ rí kò ní í ṣàì mọ Gbájì. Ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti máa ń dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n á ní kí awakọ̀ ṣí bùútù, tí wọ́n á wo abẹ́ ìjókòó bóyá ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè tàbí ẹrù mìíràn tí òfin kà léèwọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀ràn dídá ní Gbájì, fàyàwọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, síbẹ̀ tí àwọn ọmọdé ti ń jìyà rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ọ̀ràn náà ni pé kí ọmọ la ẹnu ní ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì sọ èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Fanákúlà ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbàlagbà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láyé ọjọ́sí rántí ẹgba rẹ̀ dáadáa. Wọ́n rántí owó ìtanràn, wọ́n sì rántí pátákó tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ lọ́rùn, tí yóò máa gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kò tíì jáwọ́ nínú àṣà náà.

Ó ṣe é ṣe kí ẹni tó ń gbé létí òkun Àgbádárìgì máa rò pé ilẹ̀ tiwa nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Bangladesh, ní Éṣíà lọ́hùn-ún, ìjọba ti fìgbà kan sọ ọ̀rọ̀ èdè di ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yìnbọn pa ènìyàn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú àwọn tó máa ń ṣe ọdún àṣà àti ọdún orílẹ̀-èdè wọn níbẹ̀, a rí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí nípa ìwà ọ̀daràn. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ohun tó ń sọ ènìyàn di olè, bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ilé ẹjọ́ ṣe ń dájọ́. Síbẹ̀, bí ọjọ́ 21 oṣù kejì bá pé, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á mú òdòdó lọ́wọ́, wọ́n á sì bá àwọn ènìyàn yòókù lọ ṣe ìrántí.

Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìwà ọ̀daràn nínú ọdún èdè? Ọmọ ilẹ̀ Ògù, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ègùn, kò yẹ kó béèrè. Kí ọlọ́pàá tó dé, Zangbeto ló ń ṣọ́ ìlú lóru ní Àgbádárìgì àti agbègbè rẹ̀. Ènìyàn òru ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Òun ló ń yí ìlú po nígbà tí oorun bá ti gbé àwọn ènìyàn lọ, òun ló ń lé olè. Òun kan náà sì ni tọmọdé tàgbà ń jáde wá wò nígbà ọdún, tí yóò máa fi aṣọ ìko rẹ̀ yí bí òkòtó. Àwọn baba tó dá a sílẹ̀ kò ya ààbò ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára àṣà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Dhaka

Ní 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kúrò ní Íńdíà, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì: Íńdíà àti Pakistan. Pakistan fúnra rẹ̀ tún wà ní apá méjì, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, tí ilẹ̀ Íńdíà sì wà láàárín wọn. Èdè Bengali ni àwọn ará ìlà-oòrùn ń sọ, àwọn nìkan sì ju ìdajì gbogbo ènìyàn Pakistan lọ. Pẹ̀lú èyí náà, ní oṣù kẹta 1948, Muhammad Ali Jinnah tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè náà dúró ní Dhaka níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ó ní Urdu nìkan ni yóò jẹ́ èdè ìjọba. Ìba díẹ̀ ni àwọn tí Urdu jẹ́ èdè ìyá wọn.

Ní oṣù kìíní 1952, Khawaja Nazimuddin, olórí ìjọba tó wà lórí oyè nígbà náà, tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì mú ọjọ́ 21 oṣù kejì láti fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tó ku ọ̀la, ìjọba kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kóra jọ ní ìgboro. Òfin tí wọ́n gbé jáde ni abala 144, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi sílẹ̀ nínú ìwé ìlànà ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn. Bí ọ̀rọ̀ èdè ṣe di ọ̀rọ̀ ọ̀daràn nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Dhaka péjọ, wọ́n sì ń jáde ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n yìnbọn nítòsí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Abul Barkat tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kú. Rafiq Uddin Ahmed kú, Abdul Jabbar náà kú. Lọ́jọ́ kejì, ìbọn tún pa Shafiur Rahman. Abdus Salam fara gbọta, ó wà nílé ìwòsàn títí di oṣù kẹrin kí ó tó gbẹ́mìí mì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi òru kan mọ òpó ìrántí fún àwọn tó kú, àmọ́ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọlọ́pàá fi wá wó o lulẹ̀.

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ìwà ọ̀daràn máa ń gbé yẹ̀ wò níbẹ̀ kò ṣòro: ta ni ọ̀daràn lọ́jọ́ náà? Bí a bá wo ìwé òfin nìkan, àwọn ọmọ tó jáde ni, nítorí pé ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Bí a bá wo òkú tó sùn nílẹ̀, ìdáhùn yóò yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ di ọlọ́pàá tàbí adájọ́ lọ́la gbọ́dọ̀ ti ronú lórí irú ìbéèrè yìí kí wọ́n tó gbé ìbọn tàbí ìwé ẹ̀sùn lé e lọ́wọ́.

Ní 1956, ìwé òfin Pakistan gba Bengali mọ́ Urdu gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èdè nìkan kọ́ ni àwọn ará ìlà-oòrùn ń tìtorí rẹ̀ bínú mọ́, ìjà náà sì di ogun ní 1971, ni Bangladesh bá di orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ òmìnira ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìṣẹ́gun ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún tuntun Bengali ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin pẹ̀lú ìlù, orin àti ère ẹranko ńláńlá. Ti ọjọ́ 21 oṣù kejì yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn lọ síbi òpó ìrántí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, láìwọ bàtà.

Àwọn ọmọ Bengali méjì tó ń gbé ní Canada, Rafiqul Islam àti Abdus Salam, ló kọ̀wé sí Kofi Annan ní 1998 pé kí gbogbo ayé máa ṣe ọjọ́ náà. Ẹ ò rí i pé orúkọ àwọn méjèèjì jọ ti méjì nínú àwọn tó kú ní 1952. UNESCO fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 1999, láti ọdún 2000 ni ọjọ́ 21 oṣù kejì sì ti di Àyájọ́ Èdè Abínibí lágbàáyé.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù náà mọ irú òpó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà nínú ọgbà Altab Ali ní Whitechapel. Ọmọ Bengali tó ń ránṣọ ni Altab Ali, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló pa á ní oṣù karùn-ún 1978 nítorí pé ó jẹ́ àlejò tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Nínú ọgbà kan ṣoṣo yẹn, ìrántí ẹni tí wọ́n pa nítorí ẹ̀yà àti ìrántí àwọn tí wọ́n pa nítorí èdè wà pọ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Ilẹ̀ Àgbádárìgì ni ilé ẹ̀kọ́ ìwé ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn oníjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀ ní 1843. Ó yẹ kí etí òkun náà jẹ́ ibi tí wọn yóò ti kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ èdè inú kíláàsì dáadáa. Ọmọ Ògù tó wà ní Gbájì ń sọ Ògù nílé, ó ń fi Yorùbá nájà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, bó bá sì kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, Faransé ni ti ìjọba ibẹ̀. Nínú gbogbo wọn, èyí tó kọ́kọ́ gbọ́ ni kò níyì níwájú olùkọ́.

Ó sì yẹ kí àwa Yorùbá sọ òótọ́ fún ara wa. Ní 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambọde fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Èkó, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Ohun ìdùnnú ni. Àmọ́ Yorùbá ni òfin náà wà fún, kì í ṣe Ògù. Yorùbá tó ń ráhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ń gba ààyè mọ́ òun lọ́wọ́ lè di Urdu fún ẹlòmíràn bí kò bá ṣọ́ra. Rédíò Lagos ti fi èdè Ègùn gbóhùn sáfẹ́fẹ́, Bíbélì sì ti wà ní èdè náà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. A kò lè sọ pé kò ṣe é kọ sílẹ̀ tàbí pé kò ṣe é kà.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, ní oṣù kọkànlá 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ìdánwò tí àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ló fà á. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń tọ́ka sí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìnira tòótọ́ wà: ní Èkó, kíláàsì kan lè ní ọmọ tó ń sọ èdè mẹ́fà, kí olùkọ́ má sì gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn.

Èyí ó wù kí ìjọba yàn, kò sí ìlànà tó sọ pé kí wọ́n na ọmọ nítorí ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ká kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ká sọ ilé baba rẹ̀ di ibi ìtìjú fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n dá obìnrin oníṣòwò kan dúró ní Gbájì pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì, kí ó sì jẹ́ pé Ògù nìkan ló gbọ́. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ rí ìdí tí wọ́n fi mú un gbà ní àkọsílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Abala 36 sọ pé kí wọ́n tètè jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn mọ ẹ̀sùn náà ní èdè tó yé e, àti pé bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in kò lè béèrè fún un, ẹni tí wọ́n sì ti fi ẹgba kọ́ láti kékeré pé èdè òun kò dára lè máa tijú láti sọ pé, "Ẹ sọ ọ́ ní Ògù, kò yé mi."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa náà ń kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, a rí wọn ní Yunifásítì NOUN àti ní ibòmíràn. Iṣẹ́ ìwádìí ń dúró dè wọ́n láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀: mélòó nínú àwọn tí wọ́n ń mú lójú ọ̀nà náà ni wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ní èdè tó yé wọn? Mélòó ló rí ògbufọ̀? Bí ọjọ́ 21 oṣù kejì bá tún pé, wọn ì bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ọdún náà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí bàbá àti ìyá tó wà ní Gbájì tó dúró de ìjọba tàbí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n lè lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn, kí wọ́n bi í léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ṣì ni fanákúlà níbẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n ní kó fi ibi tí òfin ti sọ bẹ́ẹ̀ han àwọn.