Sòbìà àti Ìkànìyàn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Gbogbo Baálé Ilé Mọ̀

Nígbà tí ìjọba bá kéde pé a óò ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ baálé ilé a máa béèrè pé, "Èrè wo ni ó wà níbẹ̀ fún ilé mi?" Ìbéèrè náà kò burú rárá. Ọ̀nà tí ó dára láti dáhùn rẹ̀ ni pé kí a wo iṣẹ́ ńlá kan tí a ti ṣe parí ní Nàìjíríà, èyí tí í ṣe bí a ti lé àrùn sòbìà jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí.

ÌYÀ TÍ SÒBÌÀ FI JẸ ÀWỌN ÈNÌYÀN

Inú omi adágún àti omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni sòbìà ti ń wá. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ kan ń gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń gbé ọmọ sòbìà sínú. Ẹni tí ó bá mu omi náà kò ní mọ ohunkóhun lára fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni aràn gígùn, tí ó lè tó mítà kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde ní ara rẹ̀, pàápàá jù lọ ní ẹsẹ̀, tí yóò sì máa ta á bí iná. Kò sí oògùn tí ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń ká aràn náà mọ́ igi kékeré títí yóò fi jáde tán, èyí sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Àkókò tí iṣẹ́ oko bá le ni ó sábà máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀. Ìwádìí ọdún 1987 fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà ń pàdánù nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là ní ọdún kan nítorí àrùn yìí. Àwọn ọmọdé tí ó mú kò lè rìn dé ilé-ìwé, ìyá tí ó mú kò sì lè tọ́jú ilé.

KÍKÀ NI A FI BẸ̀RẸ̀

Ní àkókò náà, iye aláìsàn tí ó wà nínú ìwé àwọn ilé ìwòsàn kéré púpọ̀ sí bí ọ̀ràn ti rí gan-an. Ẹni tí sòbìà mú kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn, abúlé rẹ̀ sì jìnnà sí títì. Nítorí náà, láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti abúlé dé abúlé jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n ń béèrè àwọn ẹni tí sòbìà ti mú. Iye tí wọ́n rí lé ní 650,000.

Láti inú iye yìí ni a ti mọ abúlé tí ó yẹ kí a gbẹ́ kànga fún, ibi tí ó yẹ kí a pín aṣọ asẹ́ omi sí, àti adágún tí ó yẹ kí a da oògùn apakòkòrò sí. Nínú àwọn abúlé tí àrùn náà wà, a yan àwọn ará abúlé fúnra wọn láti máa ka àwọn aláìsàn ní oṣooṣù, láti máa di ojú egbò wọn, àti láti rí i pé wọn kò fi ẹsẹ̀ wọ inú omi tí ará ìlú ń mu. Àjọ Carter Center, tí Jimmy Carter tí ó ti jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí dá sílẹ̀, ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ṣe olórí ìjọba láti ọdún 1966 sí 1975, pẹ̀lú lọ sí àwọn abúlé láti rọ àwọn ènìyàn.

Nígbà tí ó fi di ọdún 2006, aláìsàn 16 péré ni ó kù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, iye náà tún gòkè dé 73. Ẹnì kan ṣoṣo tí a kò mọ̀, tí ó sì wọ inú omi, tó láti kó àrùn bá gbogbo abúlé. A tún ẹsẹ̀ mọ́rìn. Ó di 38 ní ọdún 2008, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní Ìpínlẹ̀ Enugu, ni a sì rí aláìsàn ìkẹyìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwé ẹ̀rí hàn pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà.

OHUN TÍ ÈYÍ KỌ́ BAÁLÉ ILÉ

Wíwá àwọn tí sòbìà mú yàtọ̀ sí ìkànìyàn gbogbogbòò, nítorí aláìsàn nìkan ni ó wà fún. Síbẹ̀ ìlànà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé: ẹni tí a kò kà, a kò lè pín nǹkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò bá pín abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ tí ó wà. Ẹni tí yóò bá kọ́ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ mọ iye tí yóò jókòó sínú rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé 140,431,790 ni gbogbo ènìyàn Nàìjíríà. Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti tó ẹni tí ń dìbò. Iye àtijọ́ kò lè bọ́ àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó Ń DẸ́RÙ BA ÈNÌYÀN

Ní ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ara wọn pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù owó orí. Ní ìgbà mìíràn, àwọn kan fi iye tí kò sí kún èyí tí ó wà. A fagi lé àbájáde ọdún 1962, a sì fagi lé ti ọdún 1973 pẹ̀lú. Ẹni tí ó dín iye ilé rẹ̀ kù fi ebi pa àwọn ọmọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bù kún un ń gba ti ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òtítọ́ ni. Ìkànìyàn kò sì lòdì sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ ni yóò ka ọmọ rẹ̀. Akànìyàn yóò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, nígbà tí akànìyàn bá kan ilẹ̀kùn, kí baálé ilé, tàbí obìnrin tí ó jẹ́ olórí ilé, dárúkọ gbogbo ẹni tí ó bá béèrè. Kí ó má ṣe gbàgbé ìkókó tí a kò tíì sọ lórúkọ, arúgbó tí ń bẹ nínú yàrá, aláàbọ̀ ara, ọmọ tí a gbà tọ́, àti ayálégbé. Kí ó má ṣe fi ẹnì kankan pamọ́, kí ó má sì ṣe fi ẹnì kankan kún un.